Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Wọ́n Ń Sọ sí Ọmọ Tuntun Létí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wà nílé Ràfíátù ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn. Ẹ rí i pé àfáà ti ṣe àdúrà tán, ẹ rí i pé oúnjẹ àti ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ń pè ní kókò ti délẹ̀, síbẹ̀ a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ rí i pé wọ́n gbé ọmọ tuntun náà fún Sàláwà, ìyá tó bí Ràfíátù, tí Sàláwà sì ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò bí ẹni tí wọ́n gbé iná fún. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí ìyá àgbà fi kọ̀ láti gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀? N ó gbìyànjú láti dáhùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú pé apá kan nínú ohun tí n ó sọ kò dá èmi fúnra mi lójú, àti pé àìdánilójú yẹn gan-an ló fa gbogbo ìdúró tí ẹ dúró.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó dá mi lójú bẹ̀rẹ̀. Àgbàlá tí wọ́n bí mi sí ní Sabon Zongo ní Accra kò jọ ilé táìlì tí ẹ ń rí níbẹ̀ lónìí. Yàrá ló yí i ká, tí gbogbo ilẹ̀kùn kọjú sí ara wọn, igi máńgòrò kan sì wà láàárín. Tàbí dóńgóyárò ni? Àbúrò mi tó wà ní Tẹmà máa ń bá mi jiyàn pé dóńgóyárò ni. Èmi ṣì ń gbọ́ bí èso máńgòrò ṣe ń já lu páànù òrùlé, tí àwọn ìyá wa á sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ. Ohun tí àbúrò mi kò lè bá mi jiyàn lé lórí ni ìró òwúrọ̀: igi tí wọ́n fi ń ro ọṣẹ nínú àgbá, tó ń dún gbùù, gbùù, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn lábẹ́ omi, sálúbàtà àwọn tó ń lọ ṣe àlùwàlá, àti rédíò kan ṣoṣo tó wà nílé, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kò gbọ́ ọ. Ariwo òòlù àwọn tó ń na ara ọkọ̀ ní Abossey Okai, tó ti gba gbogbo etí yín lónìí, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà.

Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn ìyá ilé wa, wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀. Alata ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń sè ń jẹ́ alata samina títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi í wẹ̀ kò mọ̀ pé àwa ni wọ́n ń dárúkọ. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Odawna. Ìyá Sìkírá, tó jẹ́ àgbà gbogbo wọn, ń kiri ọṣẹ lọ sí ilé àwọn akọ̀wé. Bàbá tèmi jẹ́ ọmọ Gã, onílẹ̀ Accra, nítorí rẹ̀ sì ni èmi kò fi kúrò nílùú yìí nígbà tí àwọn yòókù kúrò. N ó dé ibẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà tó rí ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé ní Accra yìí, ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń fún ní àga ní ọ́fíìsì. Ẹni tí kò gbọ́ ọ á dúró lóòrùn. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń ra ẹja bọ̀ láti ọjà ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀: èyí tí ìyàwó akọ̀wé kan sọ lójijì, èyí tí olùkọ́ kan sọ nígbà tó ń yan aṣọ. Ọ̀rọ̀ lásán kò tó wọn. Àkànlò ni wọ́n ń wá, irú èyí tí Òyìnbó máa ń sọ pa pọ̀ láìgé e, tó sì dùn lẹ́nu bí ẹni ń jẹ èso. Wọ́n gbà pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lágbára, àti pé bí àwọn kò tilẹ̀ ní ìwé tí wọ́n lè fi sílẹ̀ fún ọmọ, wọ́n lè fi èyí sílẹ̀ fún un.

Bí wọ́n bá bí ọmọ sínú ilé, tí àfáà bá ti pe orúkọ rẹ̀ tán, ọ̀kan nínú àwọn ìyá á gbé ọmọ náà, á kọjú sí àgbàlá, á fi ẹnu kan etí ọ̀tún rẹ̀, á sì sọ àkànlò Gẹ̀ẹ́sì kan sí i. Lẹ́yìn èyí á yíjú padà, á sọ ọ́ sókè fún ìyá ọmọ. Ìyá ọmọ á tún un sọ. Gbogbo ilé á tún un sọ. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti ọmọ náà. Gẹ̀ẹ́sì ọmọ là ń pè é. Wọ́n á fi kí i láàárọ̀, wọ́n á fi ṣìpẹ̀ fún un bó bá ṣubú, wọ́n á sì fi bá a wí bó bá ṣe ìjàngbọ̀n. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: yàtọ̀ sí àwọn ìyá tó dá a sílẹ̀, ẹni tí wọn kò bá fún ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò lè fún ọmọ mìíràn.

Láti ẹnu oníbàárà dé etí Ìyá Sìkírá, láti ẹnu Ìyá Sìkírá dé etí ìyá ọmọ, ọ̀nà jìn, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń yí padà lójú ọ̀nà. Mo ti rò ó títí, mi ò gbà pé àìgbọ́n ló ń yí i. Àwọn ìyá wa kò lè gbé ohun tí kò nítumọ̀ fún ọmọ wọn, nítorí náà ibikíbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣófo létí wọn, wọ́n á fi ohun tí wọ́n mọ̀ dí i. Òyìnbó ní àkànlò kan tí wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn dé láìfarapa. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ Mùdá, ẹ̀gbọ́n mi, ó ti di “Séèfù àǹdì Sọ́ńdè.” Ọjọ́ Sọ́ńdè ni ọjà máa ń dákẹ́ tí wọ́n fi ń na ẹ̀yìn; ààbò àti ìsinmi ni wọ́n ń tọrọ fún un. Òyìnbó tún ní èyí tí wọ́n fi ń sọ pé oore kan para dà bí ẹni pé ibi ni. Ó dé etí tèmi bíi “Bùlẹ́sìn ìn dì sìkáì,” ìbùkún tó wà lójú ọ̀run. N kò mọ̀ bóyá ìyá mi ló gbé oore náà lọ sí ojú ọ̀run tàbí Ìyá Sìkírá. N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbọ́ ọ ní kékeré, tàbí ìgbà tí mo ka èyí tó wà nínú ìwé ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìyàtọ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ orí ń ṣe èyí fún ènìyàn, ìwé kíkà náà sì ń ṣe é.

Ìgbà kan wà tí Ìyá Sìkírá gbé ọmọkùnrin kan, tó sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i létí, tí ọmọ náà sì bì sí i lọ́rùn. Kí ó tó nu ọrùn rẹ̀ tán, ó ti gbàgbé ohun tó sọ. Ìyá ọmọ dúró, ilé dúró. “Ẹ bi ọmọ náà,” ni ìyá mi wí, “òun ló gbọ́ ọ kẹ́yìn.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ìyá ọmọ sì bú sẹ́kún. Alágbàṣe kan tó ń kó àgbá ọṣẹ kọjá ló sọ pé òun rò pé òun gbọ́ nǹkan tó jọ “Báì húùkù, báì kúùkù.” Bí ọmọ náà ṣe ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó di alásè ní hòtẹ́ẹ̀lì nígbà tó dàgbà, àwọn ìyá sì ní àwọn ti mọ̀.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mo rò pé ojúṣe mi ni láti tún Gẹ̀ẹ́sì ilé wa ṣe. Ìyá Sìkírá ti fún ọmọ kan ní “Sófà só gúùdù,” ó sì ń fi í ṣàdúrà pé ọmọ náà á jókòó lórí àga tó rọ̀. Mo jókòó tì í níbi tó ti ń gé ọṣẹ.

“Ìyá,” mo ní, “kì í ṣe àga ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ohun tí Òyìnbó ń wí ni pé títí dé ibi tí a dé yìí, gbogbo rẹ̀ ṣì ń lọ dáadáa.”

“Níbo la dé?”

“Ibikíbi tí a bá dé, Ìyá.”

“Ibikíbi! Ẹ wá gbọ́ ọmọ yunifásítì o. Ìyàwó akọ̀wé tó ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi ló sọ ọ́, orí sófà ló sì wà nígbà tó ń sọ ọ́. Ṣé o wà níbẹ̀?”

“Mi ò sí níbẹ̀, Ìyá.”

“Ẹn-ẹ́n.”

Ìyá mi, tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò gbé ojú sókè. “Ẹ fi í sílẹ̀,” ó ní. “Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ti wọ bàtà. Tiwa ṣì ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn.”

Ẹ ti gbọ́ nípa ọdún tí ìjọba Ghana ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ. Ohun tí ẹ kò gbọ́ ni bó ṣe ń dún. Ọlidé ló gbé mi wálé láti yunifásítì, Mùdá àti àbúrò mi kò sí nílé, mo sì bá àgbàlá wa tó kún fún ìró ìkòkò tó ń kọlu ìkòkò, okùn tó ń já, àpótí tí wọ́n ń wọ́ lórí símẹ́ǹtì. Ẹkún kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò. Ìbéèrè ló pọ̀: ta ló mú àwo mi, ta ló di ẹrù yìí, ta ló gbé ọmọ mi? Láàárín gbogbo rẹ̀ ni wọ́n bí Sàláwà. Àfáà pe orúkọ rẹ̀ lórí ìdúró, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹrù tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e.

Ibí ni ìrántí mi ti pín sí méjì. Nínú ọ̀kan, Ìyá Sìkírá gbé Sàláwà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó kọjú sí àgbàlá, ó sì tẹ orí rẹ̀ ba. Ọkọ̀ ń fun fèrè lójú títì. N kò gbọ́ ohun tó sọ, kò sì yíjú padà láti sọ ọ́ sókè, nítorí pé wọ́n ń ké sí i pé kó wá gun ọkọ̀. Nínú èkejì, gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ògiri kan náà, fèrè kan náà, àmọ́ ọmọ ìyá mìíràn ni ó gbé, imú rẹ̀ ló sì ń nù. Èmi tí mo máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí mi lójoojúmọ́ sílẹ̀, mi ò kọ nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ náà. Okùn ni mo dì mú. Mo ti gbé àwòrán méjèèjì wò ní ọ̀pọ̀ ìgbà, títí tí ọwọ́ mi fi pa ojú wọn rẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà wá mọ́. Ìyá Sìkírá àti ìyá Sàláwà kú sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ọmọ náà tó gbọ́n tó láti bi wọ́n. Ibẹ̀ náà ni Sàláwà dàgbà sí, ìgbà tó sì ti lọ́kọ ló padà sí Accra, tó gba ìsọ̀ ní Odawna, tó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ. Ẹ mọ ẹnu rẹ̀. Bí ènìyàn bá di agolo mílíìkì mú láìsọ iye tó fẹ́ san, á ní, “Bá a sọ̀rọ̀ ná, ojú ń tì í.” Ṣùgbọ́n nígbà Iléyá, tí àwa díẹ̀ tó kù nínú ọmọ àgbàlá yẹn bá pàdé, tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí ara wa láti ìgbà èwe, tí a bá kan Sàláwà, orúkọ rẹ̀ lásán là ń pè. “Èmi rèé,” á ní, “tí mo jẹ́ Sàláwà nìkan.” Á rẹ́rìn-ín, àwa náà á rẹ́rìn-ín. N kò gbà pé ẹnikẹ́ni nínú wa rò pé ẹ̀rín ni.

Àṣà náà fúnra rẹ̀ ti kú. Ẹ̀yin gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju gbogbo wa lọ, ta ló tún fẹ́ máa sọ ọ́ sí yín létí? Ràfíátù ló jí i dìde. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ọmọ Gã ló fẹ́, Yorùbá tó gbọ́ sì ju èyí tó ń sọ lọ. Nígbà tó bímọ, ó ní ìyá òun ni yóò fún ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, bíi ti àtijọ́. Sàláwà sọ fún un pé òun kò ní, nítorí náà òun kò lè fún un. Ràfíátù bá gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá mi.

“Ìyá Àgbà, pílíìsì, ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó wà níbẹ̀. Ṣé wọ́n fún màámi àbí wọn ò fún un?”

Mo ní kí ó jẹ́ kí n rò ó wò. Mo sì ń rò ó títí di àárọ̀ ìsọmọlórúkọ, mi ò rí ohunkóhun mú níbẹ̀.

Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lójú tèmi. Ràfíátù gbé ọmọ náà síwájú ìyá rẹ̀, Sàláwà ká ọwọ́ kúrò, gbogbo ojú sì yí sí mi.

“Àǹtí,” ni Sàláwà wí, “ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn.”

“Sàláwà, mo rí Ìyá Sìkírá tó gbé ọmọ.”

“Ọmọ ta?”

“Ìyẹn ni mi ò mọ̀.”

“Ei, Àǹtí! Gbogbo ìwé tí ẹ kà yìí, ẹ ò lè dá ọmọ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn?”

“Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé gbogbo yín. Gbogbo yín lẹ sì ń ké.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ́ ìborùn rẹ̀ lórí orúnkún, ó ń tẹ́ ẹ, ó ń tún un tẹ́, bí ẹni tó fẹ́ tà á fún ẹnì kan. Ràfíátù tẹ̀ sí mi létí. “Ìyá Àgbà, ẹ kúkú sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló máa bá yín jiyàn?”

Ẹ̀yin ọmọ, ó ṣe mí bíi kí n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, a ò bá sì ti jẹun. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo hun lórí ìjókòó yẹn ni yóò wọ ọmọ náà létí, Sàláwà yóò sì máa fi í pe ara rẹ̀ títí ayé. Bí mo bá sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ náà ni, nítorí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mo rí i.

Sàláwà gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ. “Má bá mi tọrọ ẹ̀rí, Ràfí. Ẹ gbé ọmọ fún Àǹtí kó fún un. Òun ní tirẹ̀.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sálúbàtà rẹ̀.

Ìyá ọkọ Ràfíátù, tí gbogbo yín ń pè ní Naa, ló bá sọ̀rọ̀. Zongo ló dàgbà sí, ó gbọ́ Yorùbá tó láti fi jà. “Áò! Kí lẹ ń fa èyí sí? Bí wọn ò bá fún un nígbà yẹn, ẹ fún un báyìí.”

“Naa, a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀,” mo ní. “Ọmọ tuntun ló wà fún. Ẹni tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, tí kò lè bi ọ́ bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Sàláwà wá? Ẹnu yìí?”

“Kó pa á dé nígbà náà!”

Ilé tú ká fún ẹ̀rín. Mo ń wo Sàláwà, mo ń retí èsì tí yóò fi dá Naa lóhùn, irú èyí tí wọ́n á máa tún sọ ní Odawna fún odidi oṣù. Ó fi sálúbàtà sílẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú àga mi, ó ká ìborùn kúrò létí ọ̀tún, ó sì gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Ó pa ojú dé. Ó pa ẹnu dé.

Mo fẹ́ fún un ní èyí tó dára. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sì rò pé yóò rọrùn fún mi. Gbogbo wọn ló dé lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó wà nínú ìwé àti èyí tí àwọn ìyá wa sọ, wọ́n ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti Òyìnbó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ tiwa. Èyí tó kọ́kọ́ kọjá ni mo mú. Mo tẹ orí ba, mo sọ ọ́ sí i létí, mo sì gbé ojú sókè láti sọ ọ́ síta: “Hóòmù àǹdì dúráì.” Ó ti délé, ara rẹ̀ ti gbẹ. Kò sí ìyá rẹ̀ tí yóò tún un sọ. Ràfíátù ló tún un sọ.

Sàláwà dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́, ó sì rìn lọ sí ojú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó pẹ́ níbẹ̀. N kò gbọ́ ohun tó sọ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ létí. Nígbà tó yíjú padà, ó sọ ọ́ fún Ràfíátù ní ohùn tó fi ń polówó lọ́jà: “Hóòmù àǹdì ọ́ọ̀ráìtì!”

Ẹnu mi là láti sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni n kò mọ̀ mọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ràfíátù tún un sọ, Naa tún un sọ, ẹ̀yin tí ẹ gbé fóònù dání náà tún un sọ. Sàláwà gbé ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, ó wá jókòó sáàárín èmi àti Mùdá, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó sì bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé pé kí ni wọ́n ń wò, ṣé wọ́n fẹ́ kí kókò náà tutù ni?